Ohùn Bàbá Olùkéde Nínú Díìsìkì Tó Kún

Gbogbo ohun tó kù láyé yìí nínú ohùn Bàbá Olùkéde wà nínú kọ̀ǹpútà kan tí kò ní àpótí. Kọ̀ǹpútà náà sì ní òun ò lè gbé e jáde, nítorí pé inú òun ti kún.

Bàbá Olùkéde ló ń ka ìkéde òkú ní ilé iṣẹ́ rédíò wa ní Ring Road kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ń kó ìròyìn jọ níbẹ̀ títí di òní. Lọ́dún tó kọjá ni àìsàn mú wọn lọ́fun, àwọn dókítà sì yọ gògóńgò wọn kí ẹ̀mí wọn má baà bọ́. Wọ́n yè é. Ara wọn le, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn káàkiri Bódìjà níbi tí wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n ohùn ò sí mọ́. Fóònù ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n á tẹ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, wọ́n á wá nà án sí ọ lójú bí ọlọ́pàá tó ń fi káàdì han èèyàn.

Ilé ìwòsàn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Wọ́n ní ẹ̀ka kan níbẹ̀ tó ń tọ́jú àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀ka yìí ní bí a bá lè rí ohùn Bàbá tó mọ́ gaara, tó sì pọ̀ díẹ̀, àwọn á fi kọ́ ẹ̀rọ kan. Ohunkóhun tí Bàbá bá tẹ̀ sórí fóònù lẹ́yìn náà, ohùn Bàbá fúnra wọn ni ẹ̀rọ á fi kà á jáde. Ìyàwó wọn tẹ̀lé wọn lọ lọ́jọ́ náà. Màmá sọ fún mi pé, "Mo ní kí dókítà tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo wo ojú ọkọ mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí èèyàn ò gbọ́, èjìká rẹ̀ ṣáà ń mì."

Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, àlejò ni wọ́n. Wọ́n wá láti òkèèrè ni, wọn ò sì ní pẹ́ ní Ìbàdàn. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ò bá tíì wọlé kí wọ́n tó lọ, á dúró di ìgbà tí wọ́n bá tún wá, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà náà.

Nílé Bàbá, kò sí nǹkan kan. Ta ló ń jókòó sílé tó ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀? Fóònù wọn àtijọ́ ti bọ́ sómi, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Ibi kan ṣoṣo tí ohùn náà wà ni yàrá ìkéde ní ilé iṣẹ́ wa, nínú kọ̀ǹpútà tí mo ń wí yìí.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba ìkéde sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti di arúgbó, ètò tó wà nínú rẹ̀ sì ti pẹ́ jù ú lọ. Ètò ọ̀hún ń ti ohùn mọ́lé lọ́nà tirẹ̀. Kò sí ètò mìíràn tó lè ṣí i, kò sì gbà láti ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tuntun kankan. Nígbà tí irin àtijọ́ náà wá fẹ́ dákẹ́, a pe Ẹnjiníà, ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Agbowó láàárín àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó kó gbogbo ìfun inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ sínú tuntun. Bí o bá tan tuntun, wàá rí fèrèsé kan lójú rẹ̀. Inú fèrèsé yẹn ni àtijọ́ ti ń jí, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ àtijọ́ àti orin tó máa ń kọ bó bá jí. VM ni Ẹnjiníà ń pè é. Àwa ń pè é ní kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà.

"Kò mọ̀ pé òun ti kú," Ẹnjiníà sọ bẹ́ẹ̀ fún wa nígbà náà, ó ń yangàn. "Ó rò pé òun ṣì wà nínú àpótí òun. Díìsìkì tó ń lò yẹn kì í ṣe irin o, fáìlì kan báyìí ni. Ibi tí mo bá pààlà rẹ̀ dé ló máa rò pé ayé mọ."

Ibi tó pààlà rẹ̀ dé yẹn ló wá kún. Kí ohùn tó lè jáde, ètò náà ní láti kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ sínú díìsìkì ọ̀hún kan náà. Kò sí àyè tó máa tú u sí.

Kí ló kún inú rẹ̀? Òkú ni. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé a kì í ka ìkéde òkú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí Alhaji kan bá kú tó fi ojúlé ìyàwó mélòó kan sílẹ̀, ojúlé kọ̀ọ̀kan á rán ẹni wá. Ojúlé yìí fẹ́ kí orúkọ àkọ́bí tiwọn ṣáájú nínú àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Ojúlé tó kù ní ẹnìkan ò lè fi tiwọn ṣe ìkẹyìn. Èyí tó wà ní Amẹ́ríkà á tún pè pé òun fẹ́ tòun lọ́tọ̀. Bàbá Olùkéde á jókòó, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ kan náà láìmọye ìgbà, orúkọ iwájú nìkan ni wọ́n á máa yí padà. Àwọn onígbàgbọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, tiwọn kàn máa ń gùn ju ti mùsùlùmí lọ ni.

Alhaja tó jẹ́ olórí yàrá ìkéde kì í sì í pa ọ̀kankan rẹ́. Ìdílé lè padà wá fún ìrántí lẹ́yìn ọdún pípẹ́, Alhaja ti fún wọn lọ́rọ̀ pé wọ́n á bá a níbẹ̀.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá máníjà, wọn ò gbé ojú sókè. "Ẹ pa àwọn àtijọ́ rẹ́," wọ́n ní. "Kí la fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Alhaja wà lẹ́yìn mi. "Ọ̀gá, àwọn tó ti kú lẹ tún fẹ́ pa yẹn?"

"Alhaja, mi ò ṣe eré."

"Èmi náà ò ṣe eré, sà. Àwọn àtijọ́ yẹn gan-an ni Bàbá wà nínú wọn. Àwọn ti àìpẹ́ yìí, ọ̀fun ti ń dun Bàbá nígbà náà, ẹ̀ẹ́ gbọ́ bí ohùn wọn ṣe há."

Ó sọ òótọ́. Ohùn tí ara rẹ̀ dá la ń wá, inú àwọn tí máníjà fẹ́ pa rẹ́ ló sì wà. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí a fẹ díìsìkì náà lójú lọ. Mo pe Ẹnjiníà.

"Mo ti wà ní Ṣàngó, mà," ó ní.

Mo dúró. Mo tún pè é.

"Mo ti ń wọ Dùgbẹ̀ báyìí, mà. Gòsìló ni."

Mo gbọ́ ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀ ketekete: "Bros, my photocopy don ready?"

"Ẹnjiníà, wọ́n ń ṣe fọ́tókọ́pì nínú mọ́tò tí ẹ wọ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń bọ̀. Ọjọ́ kejì ló dé.

Bó ti dé, iṣẹ́ náà jọ ohun tí kò le. Ó pa kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, ó wá fáìlì tó jẹ́ díìsìkì rẹ̀, ó tẹ ìlà kan, ó ní kó di ìlọ́po méjì. Ẹ̀rọ náà ní òun ti ṣe é. Ẹnjiníà na ara rẹ̀ lórí àga. "Ó tán. Wàhálà lẹ kàn ń ṣe."

A tan án. Orin rẹ̀ dún. Ìlà tó ń fi hàn bí díìsìkì ṣe kún tó ṣì pupa fòò, kò yẹ̀ rárá.

"Ó ṣì pupa," mo ní.

"Ẹ fún un láyè kó mí."

A fún un láyè. Kò yí padà. Ẹnjiníà pa á, ó tún un tàn. Pupa. Ó ṣí ibì kan tó ń fi gbogbo ilẹ̀ díìsìkì náà hàn, ó sì sún ojú mọ́ ọn.

"Àyè tuntun ti wà," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Ó wà lọ́hùn-ún yìí. Ẹ wò ó, ó ṣófo. Ṣùgbọ́n ẹ rí nǹkan kékeré yìí láàárín? Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló yà á sọ́tọ̀, ibi tí wọ́n ń fi irinṣẹ́ àtúnṣe pamọ́ sí. Yàrá tí ìkéde kún wà ní ìhín, àyè tuntun wà ní ọ̀hún, òun ló dábùú àárín. Yàrá ò lè fò ó kọjá."

Ìdílé onílẹ̀ ni wọ́n bí Alhaja sí. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n fi ìka tọ́ ojú kọ̀ǹpútà. "Ìyẹn ni pé ẹ̀yìn ilé onílé lẹ ti lọ ra ilẹ̀. Ẹnjiníà! Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn? Ẹ ò lè béèrè lọ́wọ́ wa kẹ́ ẹ tó náwó ọpọlọ yín?"

"Alhaja, kọ̀ǹpútà nìyí, kì í ṣe ilẹ̀."

"Ilẹ̀ ni. Ẹ wó ògiri yẹn."

Òun ò lè ṣàdédé wó o, Ẹnjiníà ní. Bí ọwọ́ bá ṣì, gbogbo òkú inú rẹ̀ á lọ, Bàbá náà á sì bá wọn lọ. Ó ní láti kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sí ibòmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, a ń wò ó. Ó ku díẹ̀ kó parí, iná lọ.

Ìnfátà gbé e. Ẹnìkan tó wà ní sítúdíò sì ti pulọ́ọ̀gì kẹ́tù mọ́ ìnfátà yẹn, ó fẹ́ mu tíì. Ìnfátà ké, ó kú. Jẹnẹrétọ̀ wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ti lọ sí àdúgbò Challenge. Nígbà tí iná dé, ẹ̀dà náà ti bàjẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò ní kọ ohun tí mo sọ nípa tíì ọjọ́ náà síbí.

Ní gbogbo àkókò yìí, Bàbá Olùkéde ń wá. Wọ́n á wọlé pẹ̀lú fìlà wọn tó gún régé, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn ìdílé òkú máa ń jókòó sí, wọ́n á máa wò wá. Mo bi wọ́n ní bí ara ṣe wà. Wọ́n tẹ nǹkan, wọ́n nà án sí mi:

"Nígbà tèmi, ẹni tó bá kú láàárọ̀, mo ti gbé e jáde lọ́sàn-án. Èmi ò kú, ẹ ò lè gbé mi jáde."

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹnjiníà ló ń—"

Wọ́n ti ń tẹ òmíràn. "Sọ fún un pé kó kà mí mọ́ àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Kó fi orúkọ mi ṣáájú."

Mo rẹ́rìn-ín. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àwọn àlejò ilé ìwòsàn ti lọ. Wọn ò tíì lọ, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ pé wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́.

Ẹ̀dà parí nígbẹ̀yìn. Ẹnjiníà ṣe bisimilai, ó wó ògiri kékeré àárín náà, ó ní kí yàrá fẹ̀ dé òpin ilẹ̀. A tan ẹ̀rọ. Orin dún. Ìlà pupa di búlúù, ó sì kúrú débi pé Alhaja pàtẹ́wọ́. Ẹnjiníà ní kí ètò máa tú ohùn Bàbá sílẹ̀, láti orí àwọn àtijọ́ wá. Ó ní á pẹ́ díẹ̀, kí a jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó lọ kírun. Mo gòkè lọ sọ fún máníjà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, Alhaja fúnra wọn ló sọ ọ́, wọn ò sì rí i bí ẹ̀ṣẹ̀. "Mo rí i pé àyè ti wà. Àwọn ìdílé ti ń bú mi láti ìgbà tí nǹkan yìí ti kún. Mo ní kí àwọn tó ń ka ìkéde wọ sítúdíò, kí wọ́n ka gbogbo èyí tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rántí àwọn tó wà nínú báàgì mi."

Mi ò mọ̀ nípa báàgì. Kò sí ẹni tó mọ̀. Láti ọdún tí díìsìkì náà ti ń kún, Alhaja ti ń kó àwọn òkú tó pọ̀ jù jáde sórí fílàṣì, wọ́n ń dì wọ́n sínú aṣọ, wọ́n ń gbé wọn kiri nínú báàgì kí wọ́n má baà sọnù. Fílàṣì kún inú aṣọ náà bí ẹ̀pà. Bí wọ́n ti rí ìlà búlúù, wọ́n ń ki wọ́n bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dá gbogbo wọn padà sílé.

Mo padà wọlé. Ìlà náà pupa fòò. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ètò ti kọ ọ́ pé òun dá ohùn Bàbá dúró, nítorí àyè ò sí.

"Alhaja! Kí lẹ ṣe?"

"Kí ni mo ṣe? Ẹ̀yin lẹ ní àyè ti wà."

"Àyè Bàbá ni!"

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ pariwo pé àyè wà, àyè wà. Òkú ta ni kí n ní kó dúró síta?"

Ẹnjiníà wọlé, omi àlùwàlá ṣì wà lápá rẹ̀. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo fílàṣì, ó wo Alhaja. "Allāhu akbar," ó ní, kì í ṣe bí ẹni tó ń kírun.

"Ẹ yọ wọ́n kúrò," mo ní.

Alhaja ní, "Tí n bá yọ èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kì, ibo ni n óò kó wọn sí? Mo ti nu fílàṣì. Mo fẹ́ fi gba ìwàásù sí."

Mo jókòó. Mo ti kó ìròyìn nípa àkúnya omi, nípa iná ọjà, nípa ìjà àwọn onímọ́tò. Kò sí ibi tí ó ti wù mí kí n dojú tábìlì délẹ̀ bí ọjọ́ yẹn. Bàbá dìde lórí bẹ́ǹṣì wọn, wọ́n wá wò ó. Wọ́n fi fóònù sápò, ìyẹn sì burú ju kí wọ́n bú wa lọ.

Alhaja náà rí i. Ohùn wọn rọ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Mi ò mọ̀ pé ó ń tú yín lọ́wọ́. Ẹnjiníà, ẹ tún un fẹ̀."

"Ẹ rò pé ó rọrùn?"

Ó rọrùn. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Ògiri àárín ti wó, kò sí nǹkan kan tó dí ọ̀nà mọ́. Ẹnjiníà pa á, ó fẹ fáìlì náà sí i, ó tan án, ó fa yàrá dé òpin. Ẹni tó ń mu tíì lọ́jọ́sí kì bá tíì mu ún tán. Ìlà tún di búlúù.

Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé àga mi sí iwájú kọ̀ǹpútà náà, mo jókòó ti bọ́tìnnì rẹ̀, mo sì ní ẹni tó bá gbé fílàṣì sún mọ́ mi á rí ìyà.

"Ẹ ti di ọlọ́pàá," Alhaja sọ fún mi. Síbẹ̀, Alhaja fúnra wọn ló lọ pa kẹ́tù sítúdíò, tí wọ́n sì yọ wáyà rẹ̀ dání. Wọ́n jókòó ti Bàbá lórí bẹ́ǹṣì títí iṣẹ́ fi parí.

Ohùn náà jáde lódindi. Ẹnjiníà ṣí àkọ́kọ́ kó lè mọ̀ bó bá dára. Ohùn Bàbá kún yàrá, ó jinlẹ̀, ó dúró ṣinṣin: "Pẹ̀lú ìmoore sí Ọlọ́run fún ìgbé ayé rere tí wọ́n gbé, a kéde ìpapòdà ìyá wa…" Àwọn tó wà ní sítúdíò jáde wá sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá tí wọ́n ń kéde rẹ̀ ti pẹ́ tó ti lọ, ṣùgbọ́n òun kọ́ la ń gbọ́.

Bàbá tẹ́tí, wọ́n tẹ orí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n mú fóònù jáde.

"Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n kà," wọ́n kọ. Lẹ́yìn náà: "Ó sáré jù níbi 'ìpapòdà'."

Màmá, ìyàwó wọn, ti dé nígbà náà. Wọ́n gbọ́ ìkéde kan, wọ́n gbọ́ èkejì, wọ́n gbọ́ ẹ̀kẹta. Wọ́n nu ojú wọn. "Ohùn rẹ̀ ni," wọ́n ní. "Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èèyàn mi, bó bá fi ohùn yìí ní kí n gbé omi wá, màá kọ́kọ́ béèrè ẹni tó kú."

Èjìká Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti àwọn méjèèjì la jọ gbé ohùn náà lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn àlejò ṣì wà níbẹ̀, àpótí wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó jẹ́ olórí ẹ̀ka náà gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ní ó mọ́, ó sì pọ̀ tó. Ó ní àwọn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ lónìí, kí àwọn àlejò tó kúrò. Ohun tí ẹ̀rọ bá gbọ́ ló máa kọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí pé ohùn àkọ́kọ́ á rẹ́rìn-ín tàbí kó pariwo mọ́ ọmọ. Bí a bá rí ibikíbi tí Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín tàbí tí wọ́n ti ń jà, ì báà kúrú, kí a gbé e wá, àwọn á fi kún un. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí Bàbá wá pẹ̀lú Màmá. Màmá ni wọ́n máa fi ohùn náà hàn ní àkọ́kọ́, Màmá ni á sì sọ ibi tó bá jọ bí Bàbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé àti ibi tí kò jọ ọ́, kí wọ́n tó gbé e sórí fóònù.